Ìgò Tí Wọ́n Fi Pépà Wé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó o. Ẹ ka ìtàn yìí délẹ̀, torí ẹni tó bá ń gbéra ga bíi ti ọkùnrin yìí kì í mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

1.
Káfíńtà kan wà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ahọ́n-ò-tàsé. Àga àti tábìlì ló ń kàn, ṣùgbọ́n wáìnì pupa ló fi ń yangàn. Ó ní kí wọ́n fi aṣọ di òun lójú, òun á tọ́ ọ wò, òun á sì dárúkọ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, ó pe ọ̀rẹ́ méjì wá sílé kí wọ́n jọ dán an wò: tíṣà kan, àti télọ̀ kan tí wọ́n ti jọ ń bára wọn bọ̀ láti kékeré. Télọ̀ yìí kì í mutí. Abẹ́rẹ́ ló fi ń bọ́ ìyàwó àtọmọ.

Láàárọ̀, káfíńtà ti ṣí gbogbo ìgò, ó tún dé wọn padà. Ó ní wáìnì gbọ́dọ̀ gba atẹ́gùn. Ó wá ní kí ìyàwó òun fi pépà wé gbogbo ìgò tó wà lábẹ́ tábìlì kíṣìnì, kí òun alára má baà mọ èyí tó jẹ́ èwo. Ó gbàgbé pé òjò jò sí ṣọ́ọ̀bù òun lánàá, òun sì ti gbé ìgò kan láti ibẹ̀ wá sábẹ́ tábìlì náà. Ìgò wáìnì ni lóòótọ́, àmọ́ aró pupa tó fi sípíríìtì pò, èyí tó fi ń kun àga, ló wà nínú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ títí: "Baba wọn, ẹ má rọ nǹkan burúkú sínú ìgò ohun mímu." Ẹ̀rín ló máa ń rín: "Ta ni yóò mu ún?"

2.
Àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi aṣọ di ojú. Ìyàwó, tí kò mọ ọtí kankan, ló ń bù ú fún wọn. Káfíńtà á gbé e sẹ́nu, á tu ú sínú ike bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ọtí ṣe ń ṣe, á wá dárúkọ rẹ̀. Ìgò kẹta dé. Ó tọ́ ọ, ó tu ú, ó kéde: "Ọtí àgbà! Ọtí olówó!"

"Ọ̀rẹ́ mi," ni télọ̀ wí, "eléyìí ń jó mi lọ́fun. Ó ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù rẹ."

Káfíńtà náà ti gbọ́ òórùn yẹn. Ṣùgbọ́n ó ti kéde tán. "Òórùn igi àgbá tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ lò ń gbọ́, ará oko! Mu ún tán jàre."

Tíṣà ní òun ò lè mu irú èyí, ó gbé ife sílẹ̀. Ojú ti télọ̀. Ó di imú, ó sì gbé ohun tó wà nínú ife náà mì.

3.
Nígbà tí wọ́n ń lọ, ìyàwó tú pépà ní kíṣìnì.

"Baba wọn! Ìgò aró yín rèé!"

Káfíńtà fọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Pa ẹnu dé! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri ni? Télọ̀ á tọ̀ ọ́ dànù."

Télọ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wọ bàtà. Káfíńtà jáde, ó rẹ́rìn-ín, ó kí i pé ó dàbọ̀. Ẹ̀yin tó ń kà á, gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ!

4.
Lọ́jọ́ kejì, orí ń fọ́ télọ̀, ó ń bì. Ará ilé ní ọtí ló ń dà á láàmú. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké: "Ẹ tú aṣọ yìí kúrò lójú mi!" Kò sí aṣọ kankan lójú rẹ̀.

Lọ́sibítù, káfíńtà wá jẹ́wọ́. Dókítà mi orí: "Sípíríìtì yẹn ló fọ́ ọ lójú. Ìtọ́jú rẹ̀ wà. Àná ló yẹ kí ẹ gbé e wá."

Káfíńtà kúnlẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì. "Ọ̀rẹ́ mi, dárí jì mí. N ò mọ̀."

"Ìgbà wo lo wá mọ̀?"

Káfíńtà di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀bẹ̀.

"Mo ní ìgbà wo lo mọ̀?"

"Nígbà tí ò ń wọ bàtà."

Télọ̀ ò pariwo. Ó na ọwọ́ wá ìyàwó rẹ̀. "Ìyá wọn, fà mí dìde. Mú mi lọ síbi tí n ò ti ní gbóhùn ọkùnrin yìí mọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má rọ oró sínú ìgò ohun mímu. Bí ẹ bá sì ṣàṣìṣe, ẹ tètè pariwo síta, kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín á tán. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ikú ara ẹni ni wọ́n ń wí. Wọn ò ní ká fi ojú ọmọ ẹlòmíì ra iyì.