Abẹ́ Iná Búlúù

Kò sí ẹni tó mọ nǹkan tọ́jú bíi Hamidah, nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìwòsàn Dókítà Adéfọlárìn ní Ring Road. Fìríìjì tí wọ́n rà sí yàrá abẹ́rẹ́ ti lé lọ́dún kan, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Àga dókítà gan-an, orí ọ̀rá tó bá a dé láti ọjà ni dókítà ń jókòó lé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, Hamidah a máa wí, a sì tún máa nu ohun tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Lọ́dún 1994, òun ló yọ dókítà lẹ́nu títí dókítà fi ra iná búlúù tó ń pa kòkòrò ikọ́. Àwọn tó ń wúkọ́ ti pọ̀ jù ní yàrá tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, ibẹ̀ sì ni Zùwáírátù, àbúrò rẹ̀, ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́ tó ń pe aláìsàn wọlé. Ìyá wọn ti kú, bàbá wọn ti kú. Zùwáírátù nìkan ló kù fún un, ẹ̀rù ikọ́ fée sì ń bà á nítorí ọmọ yìí ju nítorí ara rẹ̀ lọ.

Theophilus, oníṣẹ́ iná láti Agbowó, ló wá gbé iná náà kọ́ sókè ògiri, nínú páànù kan tó lajú sí àjà.

"Òkè ló ti ń ṣiṣẹ́, mà," ó wí. "Afẹ́fẹ́ á gbé kòkòrò ikọ́ lọ bá a, iná á sì pa kòkòrò náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó lójúkojú. Ẹ pa á kí ẹ tó nù ún. Ẹ má sì fi nǹkan kan dí i lójú."

"Ṣé mo jọ ẹni tó ń fi nǹkan ṣòfò ni?" Hamidah bi í, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, eruku bo gbogbo nǹkan. Zùwáírátù gun tábìlì láti nu páànù náà, ó gbàgbé, kò pa iná. Kó tó dìrọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ní ó dà bíi pé wọ́n da yanrìn sí i. Hamidah ń fi aṣọ tútù lé e lójú, òun náà sì ń sunkún. Òun ló ṣáà ní kí wọ́n ra iná náà.

Ọjọ́ kejì, ó gba Dùgbẹ̀ lọ, ó ní kí wọ́n gé gíláàsì tó mọ́ gaara tí yóò ṣe wẹ́kú lójú páànù náà. Kò dí nǹkan kan. Iná búlúù ń tàn bọ̀ bó ṣe ń tàn tẹ́lẹ̀, eruku kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, ojú kò sì ta ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọ̀ kàlẹ́ńdà tó wà lókè níbẹ̀ ti ṣá kó tó dìgbà yẹn, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ṣì pupa fòò bí wọ́n ṣe rà á. Nítorí eruku, Hamidah ní kí wọ́n máa ti fèrèsé pa.

"Iná ṣáà ń ṣiṣẹ́," ó wí.

Dókítà ní, "Nọ́ọ̀sì, ọpọlọ yín pé." Inú Hamidah dùn débi pé ó ń rántí ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń se ọbẹ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Zùwáírátù bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ikọ́ náà kọ̀, kò lọ. Ó rù, òógùn sì ń rin aṣọ ìbora rẹ̀ gbingbin. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò: ikọ́ fée ni.

Hamidah mọ ibi tí ikọ́ náà ti wá. Ní ilé tí wọ́n ń gbé ní Òkè-Àdó, Bàbá Àjàmú ló wà ní yàrá tó kọjú sí tiwọn, bàbá náà kì í sì í yé wúkọ́. Hamidah lọ bá onílé pé kó lé bàbá náà jáde.

"Ọmọ mi, ikọ́ mi yìí dàgbà jù ẹ́ lọ," Bàbá Àjàmú bẹ̀ ẹ́. "Èéfín àgbẹ̀dẹ ló fà á."

"Ẹ má bínú, bàbá. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo ní."

Òun fúnra rẹ̀ ló bá a ká ẹní rẹ̀. Bàbá lọ nínú òjò, kò wo ẹ̀yìn.

Zùwáírátù ti ń lo oògùn, ṣùgbọ́n Hamidah kò jẹ́ fi í sílẹ̀ nílé. Ojoojúmọ́ ló ń mú un wá sí orí bẹ́ǹṣì, sábẹ́ iná gan-an. Ó ní ibẹ̀ ni kò ti ní kó o ran ẹnikẹ́ni. Àwọn ìyá ọlọ́mọ tó wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára náà, ó ń pè wọ́n mọ́ra pé, "Ẹ sún mọ́bí, abẹ́ iná ló dáa jù."

Lẹ́yìn náà ni ọmọ Bàbá Àjàmú gbé bàbá rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò. Kò sí ikọ́ fée lára rẹ̀.

"Ta ló wá kó o ran Zùwáírátù?" Hamidah bi dókítà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Theophilus wá pààrọ̀ ọ̀pá iná náà. Ó pa á, ó gun tábìlì, ó sì dúró síbẹ̀ tó ń wò ó.

"Ta ló fi gíláàsì bo èyí?"

Zùwáírátù rẹ́rìn-ín músẹ́ láàárín àwọn ìyá ọlọ́mọ. "Àǹtí mi ni," ó wí. "Nítorí ojú mi ni."

Theophilus yọ gíláàsì náà, kò sì lè wo ojú Hamidah nígbà tó sọ pé, "Ohun tó ń pa kòkòrò nínú iná yìí kì í la gíláàsì kọjá, mà, àwọ̀ búlúù lásán lẹ ti ń wò látìgbà tí ẹ ti bò ó."