Ike Tí Ọ̀gá Sípóòkù Fi Bo Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ Iwájú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìtàn yìí tán kẹ́ ẹ tó fọwọ́ tì í kọjá. Òpin rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

1. Ọkùnrin kan wà tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ọ̀gá Sípóòkù ni wọ́n ń pè é, torí kò sẹ́ni tó mọ àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tò bíi tiẹ̀. Òun ló tọ́ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin dàgbà lẹ́yìn ikú àwọn òbí wọn. Àbúrò yìí máa ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìdíje, àmọ́ ipò kejì ló sábà máa ń ṣe. Kò dun àbúrò tó bó ṣe ń dun ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó ń sáré ò bínú, ẹni tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ló ń bínú.

2. Ọ̀gá mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá ń yí, ńṣe ni sípóòkù ń po afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ náà á sì máa fa kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn. Ló bá fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀ pa, ó dán bí àwo. Àbúrò gùn ún, kẹ̀kẹ́ ń fò! Inú àwọn méjèèjì dùn. Ibẹ̀ ló yẹ kó fi mọ o.

Rárá, ó ní òun á bo tiwájú náà. Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kìlọ̀ fáwọn oníbàárà pé, "Ẹ má bo iwájú o. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kì í yà síbì kankan, tiwájú lẹ fi ń darí. Bí afẹ́fẹ́ bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, á já ọwọ́ kẹ̀kẹ́ gbà lọ́wọ́ yín." Ẹnu rẹ̀ náà ló fi sọ ọ́.

3. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, afẹ́fẹ́ ń já aṣọ kúrò lórí okùn. Àbúrò fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká yọ ike iwájú yìí. Orí afárá la máa gbà."

"Ṣé òní lo máa kọ́kọ́ gun afárá ni?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ẹ̀rù yẹn náà ni ò jẹ́ kó o ṣe ipò kìíní! Di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú dáadáa, jàre."

Ta ló fẹ́ bá ẹni tó tọ́ ọ dàgbà jiyàn? Àbúrò gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

4. Nígbà tí wọ́n dé orí afárá, òun ló wà níwájú gbogbo wọn. Ọ̀gá, tó dúró létí afárá, ń fò sókè, ó ń pariwo pé, "Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn!" Àfi bí ẹ̀fúùfù ṣe ya dé láti ẹ̀gbẹ́ odò, ó gbá ike iwájú bí ẹni gbá ilẹ̀kùn. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yí bìrí. Àbúrò fi ẹ̀yìn lu irin afárá.

Yéè! Kò kú o, àmọ́ dókítà ní kò ní lè rìn mọ́ láyé. Nígbà tó lajú, ó béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mo ṣe ipò kìíní?"

Ọ̀gá bú sẹ́kún. "Dárí jì mí. Mo mọ̀. Mo ti mọ̀ kó o tó gùn ún."

Àbúrò kọjú sí ògiri. Títí dòní, Ọ̀gá ló ń gbé e wẹ̀, òun ló ń gbé e jókòó, wọn kì í sì í bára wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́, ẹ gbọ́ mi: bí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún yín bá ní ẹ̀rù ń ba òun, ẹ má fi ipò yín pa á lẹ́nu mọ́. Ohun tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó léwu fún oníbàárà, ó léwu fún ọmọ ìyá yín náà. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sẹ́ni tẹ́ ẹ fẹ́ràn. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà.