Ilẹ̀ Tí Kò Lólúwa

"Ta ló máa lọ bímọ sórí yìnyín tí kò sí orílẹ̀-èdè tó ni ín?" Ọ̀jọ̀gbọ́n òyìnbó bú sẹ́rìn-ín lójú kọ̀ǹpútà.

Olùkọ́ òfin, tó kọ ìwé tí wọ́n ń jiyàn lé lórí, nípa ọmọ tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ tí kò lólúwa, túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ nílé wọn ní Ṣakí.

Ìyá sọ ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ní kó pa ẹnu ẹ̀ dé! Àárín ẹnubodè méjì ni mo ti rọbí. Aṣọ́bodè tibí ní n ò gbọdọ̀ padà, tọ̀hún ní n ò gbọdọ̀ wọlé. Ibẹ̀ náà ni mo bímọ sí."

Olùkọ́ sọ ọ́ fún òyìnbó láìbomi là á.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu òyìnbó. "Ọmọ orílẹ̀-èdè wo wá ni ọmọ náà?"

Olùkọ́ fèsì pé, "Òun ló ń bá yín jiyàn láti àárọ̀. Abíọ́nà ni wọ́n sọ ọ́."