Kò Sí Àgbà Létí Adágún

Inú ti ń bí Wẹ́dà kí mọ́tò tó ṣí nílé. Wọ́n ní kó jókòó síwájú. Ó ní ẹ̀yìn ni òun fẹ́, láàárín ẹrù, níbi tí àwọn ìkòkò ti ń lu ara wọn. Mẹkáníìkì tó wa ọkọ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Ó kọ̀, ojú rẹ̀ ṣú bí òjò.

Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin a máa kó àgọ́ lọ sétí adágún omi kan: Mẹkáníìkì, Télọ̀, Tísà àti Wẹ́dà. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń pe ara wọn. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní níbẹ̀: kò sí àgbà létí adágún. Tísà ló gbé e kalẹ̀, nítorí "ẹ káàárọ̀ sà" ti sú u níléèwé. Ẹni tó bá fi "ẹ" bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀, òun ni yóò fọ gbogbo ìkòkò.

Ohun kan ṣoṣo ló gbé Wẹ́dà wá lọ́dún yìí: kí wọ́n bá Wẹ́dà sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti máa ń bá Wẹ́dà sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀ fún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọn ò tíì sọ ẹrù tán tí Télọ̀ fi rú òfin.

"Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e," ó ní, ó sì na ọwọ́ sí àpò àgọ́.

"Ta ni 'yín'?" Wẹ́dà bi í. "Èmi àti ta ni? Ṣé o rí ẹlòmíì lẹ́yìn mi ni?"

Télọ̀ wolẹ̀. "Ẹ má bínú."

"O tún sọ ọ́! Ìkòkò ń dúró dè ọ́, ọ̀gbẹ́ni."

Wẹ́dà tú àgọ́ náà fúnra rẹ̀. Ó fi ọ̀pá kékeré síbi tó yẹ kí ọ̀pá ńlá wà, gbogbo rẹ̀ sì wó bò ó lórí. Nígbà tó yọrí síta, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Ta ni àgọ́ yóò wó lù tí ọ̀rẹ́ kò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú? Tísà wá bá a to àwọn ọ̀pá náà, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ohùn ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

Oúnjẹ délẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹja tó tóbi jù, wọ́n tún gbé àga kan ṣoṣo tó ní ìfẹ̀yìntì síwájú rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti àga náà sẹ́yìn, ó jókòó sílẹ̀, kò fọwọ́ kan ẹja.

"Ṣé eyín mi lẹ ń ṣàánú ni, àbí ìdí mi?"

Wọ́n ń jẹun lọ bí ẹni tí kò gbọ́.

Ó bá dìde lọ ṣa igi. Ó ń bọ̀ nígbà tó gbóhùn wọn lẹ́yìn àgọ́.

"Èyí ló máa gbẹ̀yìn," Télọ̀ ń sọ. "Mi ò lè máa wo ojú wọn báyìí lọ́dọọdún."

"Ta ló máa sọ fún wọn?" Mẹkáníìkì béèrè.

Wẹ́dà da igi sílẹ̀ gbàgà.

"Ẹ sọ ọ́ sójú mi! Wọn, wọn, wọn! Èmi nìkan ti di ogún. Ẹ ti pa ìpàdé yìí rẹ́ láàárín ara yín, ó ku kí ẹ lé mi lọ sílé. Adágún yìí kì í ṣe ti bàbá ẹnikẹ́ni!"

"A ò lé yín," Tísà ní. "A kàn rò pé kí ẹ lọ sinmi ni."

"Tí mo bá kú, n ó sinmi."

Ó yí ẹ̀yìn padà, ó kọjú sí omi. Afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, omi sì ń ru. Ó tú okùn ọkọ̀ ojú omi, ó ń tì í lọ, omi dé e ní itan. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sá tẹ̀ lé e. Mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ bá a, ó sì fa aṣọ rẹ̀ lọ́rùn.

"Wẹ́dà! Ṣé orí rẹ dàrú ni? Olóríkunkun! Jáde nínú omi kí n tó fọ́ ọ létí!"

Télọ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Mẹkáníìkì jọ̀wọ́ aṣọ náà, ó sì fẹ́ dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ níbẹ̀. Wẹ́dà gbá a léjìká mú.

"Tún un sọ."

"Ẹ jọ̀ọ́…"

"Mo ní o tún un sọ!"

"Jáde nínú omi," Mẹkáníìkì ní, omi ojú ń dà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Olóríkunkun ni ọ́."

Wẹ́dà jáde. Ó jókòó ti iná, ó mú ẹja tó ti tutù, ó bù ú jẹ.

"Télọ̀, tó bá dọ̀la, jìnnà sí ẹja. Èyí ò níyọ̀ rárá."

Télọ̀ wo ojú Tísà, ó wo ojú Mẹkáníìkì. "Ìwọ náà lọ yan tìrẹ," ó ní. "Ọ̀lẹ."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọmọ àgbà tó ń jẹ ẹja náà máa ń ròyìn fún un pé wọ́n ń bá òun sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ irin jíjó, tó ń jẹ́ Wẹ́dà láàárín wọn ṣáájú òun, kí adágún náà tó gbé e lọ lẹ́ẹ̀rùn èṣí.