Ọmọbìnrin Tó Ń Fojú Inú Rí Ẹ̀rọ

Ìpàdé àwọn òbí ti tú, ṣùgbọ́n Ìyá Abdulbaqi kò dìde. Ọmọ-ọmọ wọn kan wà nílé-ìwé náà, ní Ìgbẹ̀ìn l'Ábẹ́òkúta, àwọn ló sì máa ń wá ìpàdé nítorí rẹ̀.

Fisáyọ̀, tíṣà tó ń tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà lórí iṣẹ́ tí wọn yóò yàn, ti ń palẹ̀ mọ́. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá àwọn òbí sọ ni pé ọpọlọ ò rí bákan náà: ọmọ kan á fi ọ̀rọ̀ ronú, òmíràn á máa rí àwòrán. Ó ní kí wọ́n má yan iṣẹ́ fún ọmọ tí wọn ò tíì mọ bó ṣe ń ronú.

"Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà," ni Ìyá Abdulbaqi wí. "Ọmọbìnrin kan wà nílé wa. Àlímátù ni wọ́n ń pè é."

Fisáyọ̀ fa àga, ó jókòó tì wọ́n. "Mò ń gbọ́ yín, mà."

"Bí ẹ̀rọ ìránṣọ bá ń dún, tó bá dijú, ó ń rí gbogbo irin inú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ti ara wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà dákẹ́, ó tú u palẹ̀, ó tò ó padà, ẹ̀rọ sì ń ṣiṣẹ́. Ìyá rẹ̀ nà án, wọ́n ní iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn."

Fisáyọ̀ rẹ́rìn-ín. "Òun ló sọ fún yín pé òun ń rí i bẹ́ẹ̀?"

Ìyá Abdulbaqi tún ìborùn wọn ṣe. "Kò sọ fún ẹnì kankan rí."

"Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Mẹ́rìnlá. Bàbá rẹ̀ yọ ọ́ kúrò nílé-ìwé. Ó rí ọkọ fún un, oníṣòwò kan l'Ówódé. Wọ́n ti dájọ́ yìgì."

Ẹ̀rín kú lójú Fisáyọ̀. Lọ́dún tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan lọ báyìí. Ìgbà tó fi máa gbọ́, ọmọ ti dé ilé ọkọ.

"Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kí ló wí?"

"Ó sunkún títí, ó dákẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó sùn, ó ṣì máa ń tú ẹ̀rọ palẹ̀ lọ́kàn rẹ̀."

Fisáyọ̀ ti gbé báàgì kọ́ èjìká. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ẹ mú mi lọ bá bàbá rẹ̀ nísinsìnyí. Màá kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Bí wọn ò bá gba ẹ̀bẹ̀, òfin wà."

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó rí i pé wọn ò tẹ̀ lé òun. Omi ti lé ròrò sójú wọn.

"Kò sẹ́ni tó bá a bẹ bàbá rẹ̀," ni wọ́n wí.

"Èmi á bẹ̀ wọ́n!"

"Ẹ jókòó, tíṣà," ni Ìyá Abdulbaqi wí, "èmi ni Àlímátù, bàbá mi ti kú tipẹ́, ọmọ mẹ́fà ni mo bí fún ọkọ náà, orúkọ iṣẹ́ tí ǹ bá ṣe ni mo kàn wá bèèrè."