Òròmọdìẹ Ìkẹyìn

Láti ìgbà tí Ìyáàfin Títíloyè ti jí lọ́jọ́ Ẹtì náà ló ti ń yan ìwé. Ìwé aláwòrán méjì ló wà lórí itan rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti erin tó ń wá fìlà tó máa bá orí rẹ̀ mu, èkejì jẹ́ ti àgbébọ̀ adìẹ tí òjò ká mọ́ ìta pẹ̀lú òròmọdìẹ mẹ́rin. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ìtàn jẹ́lé-ó-sinmi máa ń bẹ̀rẹ̀. Èdè Yorùbá nìkan ló fi ń sọ ọ́, kí ìlú Bìní má baà gba èdè ilé lẹ́nu ọmọ.

"Ti erin ń pani lẹ́rìn-ín, Ma," Èyítọ́pẹ́ wí. Èyítọ́pẹ́ ló ń bá a to àga, òun náà ló ń rán an létí ohun tó bá gbàgbé. "Ẹ jẹ́ ká lo ti erin lónìí. Ẹ jọ̀ọ́."

"Kò sí ibi tí Dámiláre máa ṣe nínú ti erin."

Èyítọ́pẹ́ gbé ìwé ti erin kúrò lórí itan rẹ̀. Ó fún un lómi àti oògùn funfun kan, ó sì lọ to àga kékeré mẹ́rin síwájú kọ́tìnnì.

Gbogbo wọn ló mọ eré àgbébọ̀ náà. Ìyáàfin Títíloyè á ta ìborùn rẹ̀ bí ìyẹ́, á máa pe àwọn òròmọdìẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa sá wọ abẹ́ rẹ̀. Dámiláre ni òròmọdìẹ ìkẹyìn. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ló máa ń sá pamọ́ sí. Wọ́n á pè é, kò ní dáhùn. Àgbébọ̀ á fẹsẹ̀ kilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo ilé á dákẹ́ díẹ̀, ìgbà náà ni á tó fò jáde: "Èmi rèé!" Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìdákẹ́ díẹ̀ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sì jáde, eré ò lè parí, nítorí àgbébọ̀ kì í pa ìyẹ́ dé títí ọmọ rẹ̀ fi máa pé.

Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé. Aṣọ dúdú ni gbogbo wọn wọ̀, ẹrẹ̀ pupa sì wà lẹ́sẹ̀ wọn.

"Ibo lẹ ti lọ ṣeré?" ni Ìyáàfin Títíloyè bi wọ́n. "Ta ló sì yan dúdú fún yín ṣe yunifọ́ọ̀mù? Àbí ẹ̀yin àti kannakánná lẹ jọ ń kàwé ni?"

"Òjò rọ̀, Ma," Bámidélé dáhùn.

"Ẹ lọ fọ ẹsẹ̀ yín."

"A ti fọ̀ ọ́, Ma. Kò lọ ni."

Bámidélé fẹ́ jókòó, àga náà ké, ó sì yáa bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Kò gbà mí mọ́, Ma."

"Ẹ̀wà lò ń jẹ jù."

Jùmọ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ bo ẹnu kíá.

Ìyáàfin Títíloyè ṣí ìwé orúkọ. Etí ìwé náà ti pọ́n bí ewé gbígbẹ.

"Bámidélé?"

"Mo wà níbí, Ma."

"Jùmọ̀kẹ́?"

"Mo wà níbí, Ma."

"Jíbọ́lá?"

"Mo wà níbí, Ma."

"Dámiláre?"

Bámidélé wo ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mọ́mì, e don tra—" Jíbọ́lá bẹ̀rẹ̀.

"Nílé ni Mọ́mì wà. Nínú kíláàsì, Ma ni mí fún gbogbo ọmọ, ẹnikẹ́ni tí ì báà jẹ́. Yorùbá sì ni mo fi bi yín."

"Ó ti rìnrìn àjò, Ma."

"Láìgbàṣẹ?"

"Láìgbàṣẹ, Ma."

"Ó máa wá. Kò pa ìtàn yìí jẹ rí."

Nǹkan kan ń dún nínú báàgì Jùmọ̀kẹ́. "Ta ló gbé agogo wá sí kíláàsì mi?" Jùmọ̀kẹ́ tọwọ́ bọ báàgì, ó pa á.

Eré bẹ̀rẹ̀. Òjò dé, àgbébọ̀ ta ìyẹ́. Bámidélé wọlé, Jùmọ̀kẹ́ wọlé, Jíbọ́lá wọlé. Ó pe ìkẹyìn. Ó tún un pè. Ó fẹsẹ̀ kilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ilé sì dákẹ́.

Ìdákẹ́ náà gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bámidélé yọ́ kúrò lábẹ́ ìborùn, ó gba ẹ̀yìn kọ́tìnnì lọ.

"Èmi rèé," ohùn kan wí níbẹ̀.

"Bámidélé, jáde. Ohùn Dámiláre kì í gbọ̀n."

Jíbọ́lá bú sẹ́kún.

"Má sunkún. Eré ni."

Apá Ìyáàfin Títíloyè ti ń gbọ̀n. "Ẹ pa ìyẹ́ dé, Ma," Èyítọ́pẹ́ bẹ̀ ẹ́. "Ó ti tó."

"Mẹ́ta ni mo kà."

Ìgbà tí apá rẹ̀ kò lè dúró mọ́, ó ní kí wọ́n fi ìborùn náà kọ́ sórí kọ́tìnnì, kó ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì mìíràn. Lẹ́yìn náà ló na ìka sí Bámidélé.

"Ìwọ lo dàgbà jù. Sọ fún ìyá Dámiláre pé mò ń retí ọmọ náà. Sọ fún un pé kò dáa kí ìyá máà mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà."

"Màá sọ fún un, Ma," ni Bámidélé wí, ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ bu iyẹ̀pẹ̀ sórí pósí Dámiláre àbúrò rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, níbi tí àṣà kì í ti í jẹ́ kí òbí dé, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá tó bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.