Ohùn Ìyá Fadérera

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Fadérera máa ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ tó ti kú, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní ilé ìkàwé àwọn tó ń kọ́ òfin ẹ̀tọ́ ohùn. Ìyá ti ta ohùn náà kó tó kú, ilé-iṣẹ́ tó rà á kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ, àfi akẹ́kọ̀ọ́.

"Dérera, ṣé o ti jẹun?" ni ohùn náà máa ń bi í.

Nígbà ìdánwò àṣekágbá, Fadérera ò kọ nǹkan kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmbi, olùkọ́ rẹ̀, pè é.

"Ìwọ lo mọ òfin yìí jù. Kí ló dé?"

"Ẹ má bínú, mà. Bí mo bá yege, mi ò ní gbọ́ ìyá mi mọ́."



"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn lè tún ọdún kà, ọmọ mi."

"Mo mọ̀, mà. Ẹ ṣáà fún mi lọ́dún kan sí i."